Ọkọ̀ Tí Ẹ́ńjìnnì Ń Yí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Houston ti fi ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí wa ní Garki, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ni a ó fi gbé ìyá wa lọ sí Ọ̀fà ní Kérésìmesì.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ ìfọkọ̀ a máa ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, irin tí ń rìn nílẹ̀ ni ó ń ti ẹsẹ̀ kan, títí ọkọ̀ yóò fi kọjá lábẹ́ omi àti búrọ́ọ̀ṣì. Bí jíà bá wà ní N, tí a sì tú bíréèkì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jùmọ̀ yí, kò sì léwu. Àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè mọ̀ ọ́n: wágọ́ọ̀nù tí a fà láìtú bíréèkì, ojú irin a máa fá ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ọkọ̀ ìgbàlódé mìíràn a máa di bíréèkì fúnra rẹ̀. Ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá kú lọ́nà ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí àwọn tí ń wọ́ ọkọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ iwájú nìkan sókè, iwájú dúró, ẹ̀yìn ń yí: àwọn irin inú rẹ̀ yóò máa bá ara wọn jà, wọn yóò gbóná, wọn a sì bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lódindi sórí ọkọ̀ pẹrẹsẹ. Owó rẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n ti jíà tuntun pọ̀ jù ú lọ. Mo ti kìlọ̀ fún àbúrò mi tí yóò wa ìyá wa lọ. Kí Ọlọ́run mú gbogbo wa délé láyọ̀.