Ọ̀nà Òkè Tí Babalọlá Gbà

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ yóò rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀nà sinmi. Bí ọkọ̀ bá gun òkè tán, yóò tún máa sọ̀ kalẹ̀. Oko kòkó ń bẹ lápá kan, òkè ń yọrí lápá kejì. Nítorí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni mo ṣe gba ọ̀nà yìí, wòlíì tí àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àná ló lọ.

Odò-Ọwá, ní ìpínlẹ̀ Kwárà òde òní, ni wọ́n ti bí i ní 1904. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kó tó gba iṣẹ́ ọ̀nà lọ́dọ̀ ìjọba amúnisìn. Wọ́n fi í sídìí ẹ̀rọ onírin ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1928, nítòsí Ìkejì-Arákejì, ẹ̀rọ náà dákẹ́, ó sì kọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀, ohùn kan pè é lórúkọ, ó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó lọ wàásù.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkejì. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 2006, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gun ọ̀kadà kọjá. Etí títì ni mo dúró sí, mo ń wo bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń fi gbogbo agbára gun òkè. Owó tí Babalọlá ń gbà, torí kó sọ gegele di pẹrẹsẹ fún ọkọ̀ ẹlòmíràn ni. Láti ọjọ́ tó ti kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn, gegele ni ó bá pàdé níbi gbogbo, kò sì sẹ́ni tó bá a tẹ̀ ẹ́.

Òkè-Oòyè ní Iléṣà ni ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje 1930. Àwọn àgbà ìjọ kóra jọ sí Iléṣà láti jíròrò ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Kí wọ́n tó mọ̀, èrò ti kún ìlú, tọmọdé tàgbà, ọ̀pọ̀ wọn fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn. Iṣẹ́ ìyanu ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n bá dárúkọ ọdún yẹn. Ní tèmi, ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ni mo máa ń rò: aláìsàn tí wọ́n gbé pọ̀n gun òkè, ìyá tó kánjú nítorí ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bọ̀ wá bá, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ní 1932, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní nítorí ìwàásù tó ṣe lórí àwọn àjẹ́. Ẹni tó bá mọ Bìní mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Kò sí òkè kankan tójú rí níbẹ̀, síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo rò pé ó ti gun èyí tó ga jù.

Mo padà sí ìkóríta Ìwàràjà, mo wọkọ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọ̀nà náà ń lọ́, ó ń gòkè, etí mi ń di. Àfi bí odi ni àwọn òkè ṣe yí Ẹ̀fọ̀n ká. Babalọlá wá síbẹ̀ lẹ́yìn ìsọjí Iléṣà, Aláayè, ọba ìlú náà nígbà náà, sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹdẹ ló kú sí ní ọjọ́ 26, oṣù keje 1959, ṣùgbọ́n Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí.

Mo bá bàbá arúgbó kan nítòsí ibojì, mo kí i.

“Ẹ káàsán, Bàbá.”

“Káàsán, ọmọ mi. Ṣé o rìnnà dáadáa?”

Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí wọn kò gbé e lọ Odò-Ọwá, ìlú tí wọ́n ti bí i.

“Odò-Ọwá bí i,” Bàbá fèsì, “ṣùgbọ́n ibí ló ti ṣe làálàá. Àwọn tó bá a jìyà ló sin ín.”

Mo jókòó tì í, a sì sọ̀rọ̀ àwọn tó bá a jìyà títí ọkọ̀ Adó fi kún.