Ẹni Tí Kì Í Wo Èèyàn Lójú

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Odò-Ọwà, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú, àfojúdi ló ń ṣe. Èmi kì í wo ẹnikẹ́ni lójú, gbogbo àdúgbò wá ń yìn mí pé mo lẹ́kọ̀ọ́. Wọn ò mọ̀ pé bí ojú mi bá ṣe kó sí ti ẹlòmíì, àyà mi á já, ọ̀rọ̀ tó ń sọ á sì pòórá létí mi.

Ìgbà tí mo ṣe fíríìdọ̀mù tán, tí mo di télọ̀, ni ìyìn di ẹ̀sùn. Oníbàárà kan láti Ìlọfà ní, "Bùọ̀dá Télọ̀, ẹni tó ń gbójú sá báyìí, irọ́ ló ń pa." Ó kó aṣọ rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni mo sì ń sọ fún un: aṣọ náà kò tó ohun tó fẹ́ rán. Ó dùn mí títí dòní.

Ojú kan náà yìí ló ń bọ́ mi. Bí wọ́n bá tẹ́ àǹkárá sórí tábìlì, ibi tí òdòdó rẹ̀ ti yẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rí, kí n tó mọ irú òdòdó tó jẹ́. Kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ ni mo ti rí bí ìdajì òdòdó apá ọ̀tún yóò ṣe bá ìdajì ti òsì pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùbá. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ sílẹ̀, tí gílóòbù gígùn òkè ṣọ́ọ̀bù ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ dé òpin nìyẹn. Ọjọ́ ọjà le jù: ata, ike, agboòrùn, orí èèyàn, gbogbo wọn ń ya wọlé sójú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí dókítà kan nílùú Ìlọrin tó sọ fún mi pé autism ni, ìyẹn ni pé ọpọlọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, pé wọ́n bí i mọ́ mi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀. Lọ́dún 2011, Fabienne Samson, Laurent Mottron àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó èsì ìwádìí 26 jọ, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rí i pé bí àwa tá a ní autism bá ń wo nǹkan, ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tí ohun tójú rí ti ń yé èèyàn, máa ń ṣiṣẹ́ ju tàwọn ẹlòmíì lọ, apá iwájú sì máa ń ṣiṣẹ́ dín. Lọ́dún 2017, Nouchine Hadjikhani àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí àwọn èèyàn tẹjú mọ́ ẹyinjú nínú àwòrán. Lára àwọn tó ní autism, ìsàlẹ̀ ọpọlọ, tó ń ta èèyàn jí sí ewu, ru sókè kọjá ààlà.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní, "Ó ti ń ni ọ́ lára látìgbà yẹn, o ò sọ?"

Mo ní, "Màámi, mo rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn nìyẹn ni."

Kì í ṣe gbogbo wa ló rí bákan náà. Àwọn kan wà tí ọjà kì í dà láàmú. Ní tèmi, mo máa ń sọ fún oníbàárà kí n tó wọ̀n ọ́n pé ilẹ̀ ni mo ń wò kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan bá ń bá yín sọ̀rọ̀ láìwò yín lójú, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ ná kí ẹ tó pè é ní òpùrọ́.