Òkú Tí Kò Ní Ìbátan Nílẹ̀ Yìí

Nígbà tí fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àkúrẹ́ àti Òǹdó, ilé kan ṣoṣo tó bá ní in ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń wọ́ tọ̀. Fíìmù adẹ́rùbani ilẹ̀ òkèèrè kì í wọ́n níbẹ̀: Dracula tí Christopher Lee ṣe lọ́dún 1958, The Evil Dead ti ọdún 1981. Ọmọ á fọwọ́ bojú, á sì tún máa yọjú láàárín ìka. Síbẹ̀, bí fíìmù bá ti parí, ẹ̀rín ló kù. Ta ló mọ ẹni tí wọ́n sin sínú ààfin olókùúta nílẹ̀ Yúróòpù?

Hubert Ògúndé ló gbé ẹ̀rù wá sílé. Nínú Aiyé, eré orí ìtàgé tó di fíìmù lọ́dún 1979, àjẹ́ ń sọ èdè Yorùbá, àárín ará abúlé ló sì ń gbé. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, tí fíìmù ṣíṣe di ohun tí apá kò ká, fídíò àgbéléwò gba ọjà, Dracula sì pẹ̀yìn dà díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹnu kì í sábà sọ: Dracula kò kó bá ìyá arúgbó kankan rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wo àjẹ́ nínú fídíò lálẹ́, tó sì pàdé ìyá àgbà olójú pípọ́n láàárọ̀, kì í kúnlẹ̀ kí i mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà. (Ẹ̀bi Ògúndé kọ́.) Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ ìyá náà ti kárí kíláàsì. Ọmọ ta ni yóò tún bá a pọn omi?