Ẹyẹ Ìgbà Ọyẹ́ ní Erékùṣù Èkó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹyẹ kò sí mọ́ ní ìlú ńlá. Wọ́n a máa wí pé oko ni ilé ẹyẹ, àti pé ẹni tí ó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ti fara kan ilé, tí ariwo ọkọ̀ kì í sì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò lè rí ohun abìyẹ́ kan ju adìẹ inú àgò lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Erékùṣù ni Èkó. Ọ̀sà ni ó yí i ká, òkun kò sì jìnnà sí i. Ibi tí omi bá wà, ẹja a máa wà níbẹ̀. Ibi tí ẹja bá sì wà, ẹyẹ kì í ṣàìdé ibẹ̀. Ẹni tí yóò gbé ojú sókè wo ẹyẹ ni ó ṣọ̀wọ́n ní Èkó.

Ìgbà ọyẹ́ ni ó dára jù lọ fún wíwo ẹyẹ. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ọdún, òjò a dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì máa gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti ìhà àríwá. Ní àkókò yìí gan-an ni òtútù ń mú ní ilẹ̀ Yúróòpù. Yìnyín a bo ilẹ̀, kòkòrò a di àwátì, ebi a sì máa pa ẹyẹ tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ kòkòrò bí ó bá jókòó síbẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀kẹ́ àìmọye ẹyẹ ṣe ń gbéra láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n a fò kọjá Òkun Mẹditaréníà àti aṣálẹ̀, tí wọ́n a sì wá ṣe àtìpó ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwòdì tí ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni afẹ́fẹ́ àríwá yìí ń ti àwọn arìnrìn-àjò náà lẹ́yìn wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wọ̀nyí ni irú alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí ìrù rẹ̀ sì là bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, èyí tí kò tó ìdajì ẹyin adìẹ. Síbẹ̀, ẹyẹ kékeré yìí ń fò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì wá sí Nàìjíríà, ó sì ń padà lọ kó ìtẹ́ rẹ̀ nígbà tí ooru bá dé sí ọ̀hún. Ní Ebbaken, ní ilẹ̀ Boki ní Ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n ń kó ara wọn jọ láti sùn nínú koríko gíga orí òkè, tí wọ́n fi ń pọ̀ bí eéṣú ní ojú ọ̀run. Ẹyẹ tí àgbàlagbà kan ní Yúróòpù ń yà ní fọ́tò nínú ọgbà rẹ̀ ní oṣù kẹfà lè jẹ́ irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń wò lórí wáyà iná ní Èkó ní oṣù kejìlá.

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni àlejò ti ń wá. Àwọn lékèélékèé tí ó ti lọ pa ọmọ ní Òkè-Ọya nígbà òjò a padà sí gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tí ì na ìka sí wọn rí láti tọrọ èékánná funfun. Bí wọ́n bá tò lẹ́sẹẹsẹ lórí pápá, funfun wọn a máa rán ará Èkó létí àwọn Ẹ̀yọ̀ tí ń sọ̀kalẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà ní ọjọ́ Adámú Òrìṣà. Bákan náà ni àwòdì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń wá kọ́ ìtẹ́ sórí igi gíga ní ìhà gúúsù, bí òjò bá sì rọ̀ dáadáa, a gba ìhà àríwá lọ. Ṣùgbọ́n kannakánná, àdàbà, ológoṣẹ́ àti ẹ̀gà aláròyé kò mọ ìrìn àjò. Onílé ni wọ́n, yálà òjò rọ̀ tàbí ọ̀dá dá.

Bí ènìyàn bá tètè jí, tí ó gba ẹ̀yìn Ìga Ìdúngànràn lọ sí Èbúté-Èrò, yóò rí ohun púpọ̀ kí oòrùn tó mú. Ní etí ọ̀sà, ẹyẹ aláwọ̀ dúdú-òun-funfun kan a máa dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, tí yóò máa ju apá rẹ̀ kíákíá, títí tí yóò fi já lulẹ̀ sínú omi bí òkúta láti gbé ẹja. Lórí òkúta ẹ̀bá omi, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ eérú kan láti òkè òkun a máa rìn, tí ìdí rẹ̀ kì í yé mì. Ní Marina, níbi tí omi ti ń dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àtijọ́ kí a tó fi iyanrìn dí i ní àwọn ọdún 1970, àwòdì ṣì ń rà bàbà lókè. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street, tí a sọ di Freedom Park ní ọdún 2010, igi wà tí ẹyẹ lè bà lé, ìjókòó sì wà fún ẹni tí ó fẹ́ wò wọ́n.

Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán tọ ẹyẹ lẹ́yìn kò yàtọ̀ sí ọdẹ, àfi pé ẹran rẹ̀ a máa fò lọ lẹ́yìn tí ó bá ti mú un tán. Gbogbo ọgbọ́n ọdẹ ni ó gbọ́dọ̀ ní. Kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tí ń tàn yanran. Kò gbọdọ̀ sáré, kò sì gbọdọ̀ na ọwọ́ lójijì. Yóò kọ ẹ̀yìn sí oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sára ẹyẹ náà. Ojú ẹyẹ ni yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ dì mú, nítorí pé fọ́tò tí ojú rẹ̀ bá ṣú ti kú. Bí ẹyẹ náà bá ń fò, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ lajú ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Eruku ọyẹ́ a máa sọ ohun tí ó jìnnà di bàìbàì; nítorí náà ó sàn kí ó dúró de ẹyẹ nítòsí ju kí ó máa lé e kiri lọ.

Sùúrù yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Richard àti Cherry Kearton, ya fọ́tò ìtẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀ ní ọdún 1892. Lẹ́yìn náà wọ́n mú awọ màlúù, wọ́n sọ ọ́ di ère oníhò, wọ́n sì ń fara pamọ́ sínú rẹ̀ láàárín pápá kí ẹyẹ má baà fura. Àwọn ọdẹ Haúsá ti mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: wọn a de orí ẹyẹ àkàlàmàgbò mọ́ iwájú orí, wọn a sì máa fi ìdọ̀bálẹ̀ rìn títí wọn yóò fi sún mọ́ ẹran.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọgbọ́n kan tún wà tí ó ju ti inú igbó lọ. Ẹni tí ó bá na ẹ̀rọ sí òrùlé onílé láìkí i, ìjà ni ó ń wá. Ọmọ tí a kọ́ yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, yóò ní, “Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ẹyẹ abẹ́ òrùlé yín ni mo fẹ́ yà.” Màmá lè wò ó tìyanutìyanu, kí ó bi í pé, “Ẹyẹ kẹ̀? Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ẹyẹ òru ni o ń wá?” Bí ó bá rí fọ́tò tán, òun gan-an ni yóò máa nawọ́ sí ibi tí ìtẹ́ wà. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìyá ẹyẹ tí ẹ̀rù bá bà lè kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀.

Fọ́tò tún ń la ojú ènìyàn. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni a ń pe gbogbo àwọn tí ń fò yíká òrùlé. Nínú fọ́tò ni a óò rí i pé èyí tí ìrù rẹ̀ gé pérépéré, tí ìbàdí rẹ̀ funfun, kì í bà lé wáyà láé, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dúró lórí rẹ̀. Ìdílé mìíràn ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ nǹkan lè rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Elgood, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú ẹ̀gà dúdú-òun-pupa kan fún ayé ní ọdún 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n.

Èyí kì í ṣe eré lásán. Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn igún. Ní àárín ọ̀rúndún ogún, igún wọ́pọ̀ ní ìlú Yorùbá. Orí òrùlé ọjà àti ibi ìpa-ẹran ni ó ń gbé, òun ni ó sì ń gbá ìlú mọ́. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Lónìí, ènìyàn lè máa rìn láti Ìdúmọ̀tà dé Obaléńdé láti ọdún dé ọdún láìrí ẹyọ kan. A gé igi tí wọ́n ń sùn sí. Májèlé pa wọ́n. Àwọn kan sì ń tà wọ́n fún oògùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ó ju 2,000 igún lọ tí májèlé pa ní Guinea-Bissau. Láti ọdún 2015 ni a ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí ìparun kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun tí ó dunni jù ni pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ọdún tí igún ìkẹyìn kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ojú gbogbo ènìyàn ni ó ṣe lọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Olóyè S. L. Edu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ ìdáàbòbò ohun àdánidá ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1980. Àjọ náà ni ó dá ọgbà Lẹ́kí, tí ó tó hẹ́kítà 78, sílẹ̀ ní ọdún 1990. Àwọn onímọ̀ kan sì ti pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí ìpín kéékèèké, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú ìpín kan, kí ó kọ gbogbo irú ẹyẹ tí ó rí tàbí tí ó gbọ́ sílẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ tí ó ní láárí.

Nítorí náà, ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ní ẹ̀rọ ayàwòrán, ìbáà ṣe ti inú fóònù, kí ó yà á, kí ó kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti yà á. Ẹni tí kò ní rárá, kí ó fi pẹ́ńsù àti ìwé ṣe é. Ẹyẹ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, a óò mọ̀ bí kò bá padà wá lọ́dún tí ń bọ̀, a óò sì lè béèrè ohun tí ó dá a dúró.