Òpópó Ìgùn Nílùú Bìní: Níbi Tí Obìnrin Ti Di Idẹ

Bí àjèjì bá dé ìlú Bìní, tí ó sì dúró ní oríta ńlá tí wọ́n ń pè ní Ring Road, níbi tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí wà, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó kan Òpópó Ìgùn. Láti ojú ọ̀nà Sakponba ni wọ́n ti ń yà wọ̀ ọ́. Òpópó kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ ti kan dé òkè òkun, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ọba Bìní ló ni ín láti ìrandíran.

Ẹranko ni yóò kọ́kọ́ kí àlejò níwájú ìsọ̀: ẹkùn tí í ṣe àmì agbára ọba, àkùkọ, ejò, ẹja àrọ̀, àti ẹyẹ tó na ìyẹ́. Láàrin gbogbo wọn, ojú obìnrin kan wà tí kì í sọnù. Idia ni, ìyá Ọba Esigie tó jọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá mọ ojú rẹ̀, torí pé ère eyín erin tí wọ́n fi ya ojú náà ni wọ́n fi ṣe àmì FESTAC ní 1977.

Ìtàn Bìní sọ pé nígbà tí ogun Ìdàh dé, Idia kò káwọ́ lẹ́rán. Ó kó ọmọ ogun jọ, ó sì ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìtàn kan náà ló sọ pé ẹyẹ kan ké pé ìparun ń bọ̀, Esigie ní kí wọ́n pa á, ó lọ, ó sì ṣẹ́gun. Ó wá ní kí wọ́n fi idẹ ṣe ẹyẹ náà, kí àwọn ìjòyè máa lù ú níbi ọdún. Fún ìyá rẹ̀, ó dá oyè Iyoba sílẹ̀, èyí ni Ìyá Ọba, ó sì fún un ní ààfin tirẹ̀ ní Uselu. Àwọn ará Ìgùn fi idẹ ṣe orí Ìyá Ọba pẹ̀lú. Irun rẹ̀ ga sókè, ó sì tẹ̀ síwájú. Ukpe-okhue ni Bìní ń pe irun yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àgógó odídẹ. Báyìí ni obìnrin àti ẹyẹ ṣe pàdé lórí ère kan.

Àkùkọ idẹ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ojúbọ ìrántí àwọn Ìyá Ọba ni wọ́n ń gbé e sí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó Bìní ní 1897, àkùkọ wà lára ohun tí wọ́n kó lọ. Ọ̀kan dé Jesus College ní Cambridge ní 1905, ibẹ̀ ló sì wà títí di oṣù kẹwàá ọdún 2021, tí wọ́n dá a padà fún Nàìjíríà.

Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí idẹ ṣe ń di ènìyàn, ọ̀dọ̀ amọ̀ ni kó lọ. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ ère. Bó bá gbẹ, wọn a fi ìda oyin bò ó, wọn a sì fín imú, ètè àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn sí ara ìda náà. Wọn a tún fi amọ̀ kíkúnná bò ó, ìpele lórí ìpele. Bí wọ́n bá gbé e sínú iná, ìda yóò yọ́ jáde, àyè rẹ̀ yóò sì ṣófo. Inú àyè yìí ni wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí, idẹ tó lè ti jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi àlòkù. Bó bá tutù tán, wọn a fọ́ amọ̀. Bí wọn kò bá fọ́ ọ, ère kò lè jáde. Bí wọ́n bá sì ti fọ́ ọ, kò ṣeé lò mọ́. Ìdí nìyí tí ère méjì kì í fi í jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀.

Àwọn ará Ìgùn mọ iyì amọ̀. Lójú ìṣẹ̀ṣe Bìní, orí idẹ ni ti ojúbọ ọba, orí igi ni ti ìjòyè. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ fúnra wọn, amọ̀ sísun ni wọ́n fi ń ṣe orí fún ojúbọ tiwọn. Ìtàn ẹnu wọn sì so wọ́n mọ́ Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti wú orí amọ̀ àti orí idẹ jáde nínú ilẹ̀: wọ́n ní Ọba Oguola ló ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni, tí Iguegha fi wá kọ́ wọn níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọni lóminú. Iṣẹ́ tó gbé obìnrin ga tó báyìí, ọwọ́ obìnrin kò gbọdọ̀ kàn án. Ọmọkùnrin ló ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba. Èèwọ̀ ni kí obìnrin da idẹ. Ọmọ ọba ló ré èèwọ̀ náà kọjá. Elizabeth Olowu, tí wọ́n bí ní 1945, jẹ́ ọmọ Ọba Akenzua Kejì. Ó kọ́ iṣẹ́ ère ní Yunifásítì Bìní, òun sì ni wọ́n mọ̀ sí obìnrin àkọ́kọ́ tó da idẹ ní Nàìjíríà. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ère aláboyún tí ìrọbí mú wà. Bí ọkùnrin tilẹ̀ lè fi ojú rí ìrọbí, kò lè fi ara mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ̀, Peju Layiwola, di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Èkó, ó sì fi àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2010 béèrè ohun tí wọ́n kó lọ ní 1897.

Ẹni tó bá ń lọ sí Bìní, kó má ṣe ra ère níwájú ìsọ̀ kó sì yára padà. Kí ó tọrọ àyè, kí ó dé ẹ̀yìn ilé níbi tí ìléru wà, kí ó sì wo èéfọ́ amọ̀ tó wà nílẹ̀. Àlejò kì í ra èéfọ́ amọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni wọ́n ti bí ohun gbogbo tí ń dán níwájú ìsọ̀.