Ẹ̀rín Tí Àwọn Ọmọ Wa Kò Bá Wa Rín

  Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú wa kò dùn nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Ní àsìkò Iléyá tó kọjá, iná wà lálẹ́ ọjọ́ kan, àwa tọkọtaya bá gbé fíìmù Bàbá Sàlá kan, Ọ̀run Mooru, sórí tẹlifíṣọ̀n. Kí ọkùnrin náà tó sọ gbólóhùn kejì ni a ti ń di ìhà mú. Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, àwọn ọmọ wa mẹ́ta jókòó bí ẹni tó wá gbọ́ ìwàásù. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 11, béèrè pé, "Mọ́mì, kí ni wọ́n sọ?" Ìyá rẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní, "Ṣé ìyẹn náà ni?" Ó padà sídìí fóònù rẹ̀, ó ń wo àwọn aláwàdà Hausa kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, a kò ní purọ́.

Ẹ̀yin àgbà mọ ẹni tí à ń wí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, orin ni ó kọ́kọ́ ń kọ. King Sunny Ade gan-an wà nínú ẹgbẹ́ orin rẹ̀ nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni ó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tí ó di Bàbá Sàlá: táì tó gbòòrò bí abẹ̀bẹ̀, awò ńlá lójú, aago orí tábìlì tí ó so mọ́ ara bí aago ọwọ́. Ahun ni ó máa ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ a mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ tí wọ́n ń ta aṣọ àwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló nítorí pé wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Lójú tiwa, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó tó kan ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn kò fi lè bínú sí i. Ó ṣe pé ní 1982 tí fíìmù yìí jáde, àwọn olè da ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, wọ́n sì sọ ẹni tó ń fi òṣì pa wá lẹ́rìn-ín di onígbèsè gidi. Iléṣà ni ó kú sí ní oṣù kẹwàá, 2018.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láàárín wa. Ní 1826, nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé, ó wo eré àwọn eléégún aláré. Ẹni ìkẹyìn tó jáde, òyìnbó ni ó ń ṣe: ara rẹ̀ funfun, ó rí tínínrín, òtútù ń mú un, ó ń fín aáṣáà, ó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Àwọn èrò ń yíjú sí àlejò wọn, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára lójú rẹ̀. Clapperton ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òṣèré náà mọ̀ ọ́n ṣe. Àlejò ni, kí ni ìbá tún ṣe?

Àwa náà ti jẹ àlejò bẹ́ẹ̀ rí. Fagge ni wọ́n ti tọ́ ọ̀kan nínú wa dàgbà. Bí ààwẹ̀ Ramadan bá ti kọjá ọjọ́ 10, àwọn ọmọ Hausa a bẹ̀rẹ̀ tashe: wọn a fi òwú ṣe irùngbọ̀n, wọn a ki ìrọ̀rí bọ inú aṣọ, wọn a máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé ṣeré kí a lè fún wọn lówó. Lọ́dún kan, ọmọkùnrin kan ró ìró, ó wé gèlè, ó gbé àtẹ ata lérí, ó ń fi Hausa bí ti àwọn ìyá wa polówó: ó ń ki "h" bọ ibi tí kò sí, ó ń yọ ọ́ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ìyá wa jáde, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fún un lówó, ó tún bu ata gidi kún àtẹ rẹ̀. Bàbá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ń bú wa. Títí a fi sùn ni wọ́n ń jiyàn lé e lórí, a kò sì tíì mọ ẹni tó jàre nínú wọn dòní. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn Hausa kò dá ara wọn sí: wọ́n ní àwọn Yan Kama, aláwàdà onílù tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa sín àwọn apohùn àti oníwàásù wọn jẹ.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ọdún 2005. Nínú ayẹyẹ ẹgbẹ́ wa lọ́dún náà, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn fẹ́ ṣeré. Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún 14 lọ wọ agbádá bàbá rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ńlá kan kọ́rùn, ó ní òun ni Bàbá Akápò. Nígbà náà, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti ń dáwó ọkọ̀ tí yóò máa gbé òkú àti àwọn olóòfọ̀ wa relé, ẹnikẹ́ni kò sì ka ìṣirò rẹ̀ sí wa létí. Ọmọ kejì bi í pé, "Bàbá Akápò, owó ọkọ̀ ńkọ́?" Ó yọ awò rẹ̀, ó nù ún pẹ̀lú sùúrù, ó ní, "Owó ọkọ kẹ̀? Ṣé ẹ kò mọ̀ pé ọwọ́ ìyàwó ni owó ọkọ máa ń wà ni?" Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Àwọn ìyá wa ń fi etí gèlè nu ojú. Ọmọ tí a bí sí Kánò, tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, tí ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ Hausa, òun ló yí ohùn kan ṣoṣo padà bẹ́ẹ̀. A kò kọ́ ọ.

Akápò gidi dìde, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a dìde, wọ́n jáde.

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ka ìṣirò owó. Owó náà pé, a gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn nítorí Ọlọ́run. Bàbá náà kò jí kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni a kọ́kọ́ gbọ́ iye rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní àwọn ọmọ ti tàbùkù àgbà, kí irú eré bẹ́ẹ̀ má wáyé mọ́. Ìyá àgbà kan láti agbègbè Kétu nìkan ló takò ó. Ó ní nílé àwọn, bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ku ọ̀la, Ẹ̀fẹ̀ a jáde lóru, a fi orin bá ẹni tó bá ṣe àìdáa wí, ì báà ṣe ìjòyè, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú un. "Ṣé ẹ ti wá gbàgbé ilé tó báyìí ni?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ òfin náà nawọ́. Àwa méjèèjì nawọ́. Bàbá yẹn ló ṣe alága níbi ìgbéyàwó wa.

Láti ìgbà náà, orin, ijó, àti ewì tí a kọ fún wọn ni àwọn ọmọ ń gbé wá. Ó létò, ẹnikẹ́ni kì í bínú. Bí a bá wá jókòó, a ó ní Gẹ̀ẹ́sì ló gba Yorùbá lẹ́nu àwọn ọmọ wa, tàbí Hausa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Hausa tí àbíkẹ́yìn wa ń rẹ́rìn-ín sí lórí fóònù yẹn, a kò rán an lọ kọ́ ọ níbì kankan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á láàyè kó bá wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ọmọ tó ṣe Akápò lọ́jọ́sí ti di bàbá ọmọ méjì, Kánò níhìn-ín ló ń gbé. Lẹ́yìn Iléyá a kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, a sì tọrọ gáfárà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí a má sọ bẹ́ẹ̀, òun ti gbàgbé. Irọ́ ló ń pa, nítorí kí a tó mu omi tán ó ti gbé agbádá wọ̀, ó ń ṣe Bàbá Akápò fún àwọn ọmọ wa. Nígbà tó dé ibi owó ọkọ, àbíkẹ́yìn wa dákẹ́, ó ń pe ọ̀rọ̀ méjèèjì wò lábẹ́ ahọ́n: ọkọ̀, ọkọ. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ayẹyẹ ọdún yìí. A gbọ́ pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń kọ àròkọ gígùn sínú ìwé ìrántí ẹgbẹ́. A ti ní kí wọ́n má fi hàn wá ṣáájú.