Ọwọ́ Ta Ló Yà Á?

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí wọ́n máa ń yínmú bí wọ́n bá rí ẹ̀dà àwòrán olókìkí lára ògiri ilé ènìyàn. Lójú tiwọn, ayédèrú ni. Àwòrán tí a gé láti inú kàlẹ́ńdà sàn jù ú lọ, nítorí pé kàlẹ́ńdà kì í díbọ́n. N kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan. Van Gogh, Gauguin àti Cézanne, àwọn tí Roger Fry sọ ní Post-Impressionist ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1910, ni mo ń rí jù nínú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan sì wà ní yàrá àlejò tèmi: òdòdó sunflower mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ìkòkò, tí a fi ọ̀dà olóròóró yà sórí aṣọ. Vincent van Gogh ni ó kọ́kọ́ yà á ní ìlú Arles ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù kẹjọ ọdún 1888. Ojúlówó rẹ̀ wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó gba sùúrù ni "ojúlówó" gan-an. Ní oṣù kìn-ín-ní 1889, Vincent fúnra rẹ̀ wo àwòrán yìí, ó sì ya òmíràn lára rẹ̀. Ìyẹn ni ó wà ní Amsterdam lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó ya yàrá tí ó ń sùn ní Arles: ọ̀kan wà ní Amsterdam, èkejì wà ní Chicago, ẹ̀kẹta tí ó kéré, tí ó yà fún ìyá àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, wà ní Paris. Nígbà tí ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Saint-Rémy, ó mú àwọn àwòrán Millet tí a tẹ̀ ní dúdú àti funfun, ó sì fi àwọ̀ tún bí ogún nínú wọn yà. Ó kọ̀wé sí Theo àbúrò rẹ̀ pé bí olórin tí ń lu orin Beethoven ti ń túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ ni òun náà ń ṣe. Ẹni tí ó bá ní wíwo iṣẹ́ oníṣẹ́ yà kì í ṣe iṣẹ́, kí ó lọ bá Vincent rojọ́.

Vincent kì í fi ọ̀dà ṣahun. Ó máa ń lẹ̀ ẹ́ kí ó ki, débi pé òdòdó á ga lórí aṣọ bí ebè. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, òjìji kéékèèké a hàn lẹ́yìn ebè wọ̀nyí. Ìwé tí a tẹ̀ kò lè ṣe èyí, pẹrẹsẹ ni ó tẹ́. Ẹ̀dà tí a fi ọwọ́ yà lè ṣe é. Mo máa ń fi ìka kan tèmi ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí ẹ̀ṣọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò jẹ́ gbà.

Ẹ̀dà náà ní àléébù tirẹ̀. Fọ́tò ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń yà á ń wò, àwòrán tí ó ti gbó ni wọ́n sì yà sínú fọ́tò náà. Nínú lẹ́tà kan ní 1888, Vincent ní ògiri yàrá òun jẹ́ àwọ̀ elésè-àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ lọ wò ó lónìí: àwọ̀ aró ni. Pupa tí ó pò mọ́ ọn ti ṣá nínú ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ẹ̀dà yàrá náà tí ojú mi ti rí, aláró ni. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi ya ohun tí ọjọ́ ti bàjẹ́.

Púpọ̀ nínú irú ẹ̀dà báyìí ti ọwọ́ àwọn ará Dafen wá, abúlé kan tí ìlú Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà ti gbé mì. Ní 1989, oníṣòwò kan láti Hong Kong, Huang Jiang, kó àwọn ayàwòrán díẹ̀ wá síbẹ̀ nítorí pé owó ilé kò wọ́n. Nígbà tí ó yá, wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, wọn a to aṣọ síra. Ẹnìkan a ya òfuurufú lára gbogbo rẹ̀, ẹlòmíràn a tẹ̀ lé e, a ya igi. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé ní 2008, àwọn oníbàárà òkè òkun fà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn sì yíjú sí ọjà ilé.

Ọ̀kan nínú wọn ni Zhao Xiaoyong, tí fíìmù China's Van Goghs tí ó jáde ní 2016 sọ ìtàn rẹ̀. Bí ogún ọdún ni ó fi ń ya iṣẹ́ Vincent láì fojú kan ojúlówó rí. Ó rò pé ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń gbé tirẹ̀ sí. Nígbà tí ó dé Amsterdam, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun ìrántí fún àwọn arìnrìn-àjò ni ó ti bá a, ní iye tí ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju èyí tí wọ́n ń san fún un. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó dúró níwájú àwòrán tòótọ́, ó sì rí i pé àwọ̀ rẹ̀ kò rí bí òun ti mọ̀ ọ́n.

Orúkọ ni ó ń dùn mí nínú ọ̀ràn yìí. A kọ "Vincent" sára ìkòkò tí ó wà nílé mi, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára ti Lọ́ńdọ̀nù. Mo yí aṣọ náà padà, n kò rí orúkọ mìíràn. Nígbà tí Vincent ya ti Millet, gbogbo ayé ń pè é ní iṣẹ́ Vincent tí a wò lára Millet. Orúkọ méjèèjì jọ ń rìn. Ẹni tí ó mọ ebè òdòdó tèmi ró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tí ó ti kú láti 1890 ni ó kọ sílẹ̀, tirẹ̀ sì wọlẹ̀. Bí ayédèrú kan bá wà lára ògiri mi, lẹ́tà méje yẹn ni.

Zhao padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán tirẹ̀. Ó ya ìyá rẹ̀ àgbà. Bí ọwọ́ mi bá tó irú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àwọn òdòdó yìí ni n ó gbé e kọ́ sí.